Nọ́ọ̀tì Abẹ́ Alùpùpù

"Kí ni mo sọ fún ẹ lánàá?"

Bàbá àgbà Genpachi ló ń pariwo lẹ́yìnkùlé, ẹnikẹ́ni kò sì tíì jẹun àárọ̀. Ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí alùpùpù tó wà lábẹ́ àtíbàbà katakata. Alùpùpù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ gíga ni, irú èyí tó ń sáré lórí títì, tó sì ń gun òkè olókùúta láìjanpata. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ ti bò ó dé orí táǹkì.

"Mo ní tó o bá gbé e jáde, bó ṣe wà ni kó o ṣe dá a padà. Ṣé bó ṣe wà nìyí? Àbí ẹlẹ́dẹ̀ lo lọ yá a fún?"

Kosuke, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wá lo ìsinmi láti ìlú ńlá, fọwọ́ họ orí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la gbé e lọ sétí odò. Ó mà dùn ún gùn o!"

"Ta ló bi ẹ́? Ọ́ìlì inú ẹ̀ ti dúdú bí omi aró. Ìwọ lo lò ó, ìwọ ni wàá pààrọ̀ ẹ̀, lónìí yìí. Ìṣọ́ omi kàn wá lọ́la."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Wọ́ṣà tuntun wà nínú agolo. Má dá èyí tó ti gbó padà o. Má sì fún nọ́ọ̀tì yẹn pa. Irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ò le. Tó bá ti di mú, kó o yí i díẹ̀ sí i, ó tán."

"Ó tán, Bàbá."

Wakana, àbúrò Kosuke, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ alùpùpù rẹ̀ kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí orúnkún Bàbá àgbà ti ń dùn ún, òun ló ń gun orí òkè lọ ṣọ́ omi oko fún ilé wọn, ilé Iwabuchi. Òun ló ń fọ alùpùpù, òun ló ń gé koríko etí oko. Kò sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí Kosuke bá ti yọjú, màmá wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹja, Bàbá àgbà á gé ẹ̀gúsí bàrà tó tutù jù nínú kànga, gbogbo ilé á máa pè é ní ọmọ wa, ọmọ wa.

Bàbá àgbà kò tíì wọlé tán tí Kosuke fi dé ọ̀dọ̀ Wakana.

"Wakana, àbúrò mi àtàtà."

"Rárá."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan o."

"Rárá náà ni. Ìwọ ni wọ́n ní kó o ṣe é."

"Àwọn ọmọ yẹn ti wà lójú títì, wọ́n ń dúró dè mí. Ó sì ti mọ́ ẹ lọ́wọ́ jù mí lọ, ṣé irọ́ ni mo pa? Jọ̀ọ́. Àbí, kí lo tiẹ̀ fẹ́ ṣe lónìí?"

Wakana wẹ̀yìn. Ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Ìdánwò àṣewò fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mọ̀. Mọ́tò kan fun fèrè níta. Kosuke gbá a léjìká, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí lo tiẹ̀ fẹ́ ṣe lónìí! Ọ̀rọ̀ náà wọ Wakana lára ju èébú lọ. Bó bá jẹ́ pé ó fi alùpùpù náà sílẹ̀ bó ṣe wà, Bàbá àgbà ìbá pariwo lé Kosuke lórí, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì, òun náà ló máa gùn ún lọ sókè. Ó ju aṣọ ìdáná sílẹ̀, ó lọ sábẹ́ àtíbàbà.

Ó tan alùpùpù náà fúngbà díẹ̀ kí ọ́ìlì inú rẹ̀ lè gbóná kó sì rọ̀. Ó pa á, ó ti abọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì dúdú rọ́ jáde, ó ń rùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ń kùn. "Ọmọ wa! Ọmọ wa tí kò mọ ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí." Ó da ọ́ìlì àtijọ́ náà sínú páálí tí wọ́n ki òwú sí, irú èyí tí wọ́n máa ń kó pẹ̀lú ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun, ó sì dì í pinpin. Ó nu ẹnu ihò náà, ó fi wọ́ṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì.

Títí di ibẹ̀, kò sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó kan kó dè é ni nǹkan yíwọ́. Sípánà kékeré tí Bàbá àgbà máa ń lò wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú kò jẹ́ kó mú un. Èyí tó gùn gbọọrọ, tí wọ́n fi ń tú táyà katakata, ló fà yọ. Kí lo tiẹ̀ fẹ́ ṣe lónìí? Ó fa sípánà. Nọ́ọ̀tì di mú. Ṣé irọ́ ni mo pa? Ó tún fà á. Nọ́ọ̀tì le koko, ó yẹ kó fi í sílẹ̀, ó sì mọ̀. Àbúrò mi àtàtà! Ó fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Nọ́ọ̀tì tó ti le bẹ́ẹ̀ wá ń yí kiri bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Wakana jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó fa nọ́ọ̀tì náà jáde, irin funfun wẹ́wẹ́ lọ́ mọ́ ọn lára yípo. Eyín inú ihò ẹ́ńjìnnì, tó ń di nọ́ọ̀tì mú, ti jẹ, ó ti bá nọ́ọ̀tì jáde. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún irú ẹ̀ ṣe nílé; ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín tuntun ló máa tún un ṣe, ìlú sì ni onítọ̀hún wà.

Ó yẹ kó dìde nígbà náà, kó lọ pe Bàbá àgbà. Ó rò ó. Ó tún rò ó pé Kosuke wà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á wá máa pariwo lé òun lórí lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe tòun. Ó wá téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ omi fi ń wé ẹnu páìpù, ó wé e mọ́ nọ́ọ̀tì náà láwéétúnwé, ó sì tì í wọ inú ihò. Ó bu ọ́ìlì tuntun sí i títí ó fi dé ojú ìlà. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kò jò. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló sọ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáa, ó sì mọ̀.

Lálẹ́, gbogbo wọn jókòó ti oúnjẹ.

"Ṣé o ti ṣe é?" Bàbá àgbà ń bi Kosuke.

"Ó ti parí, Bàbá." Kosuke ṣẹ́jú sí Wakana.

"O fi wọ́ṣà tuntun sí i?"

Kosuke wo ojú àbúrò rẹ̀. Wakana mi orí díẹ̀. "Mo fi sí i, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n. O ṣeun." Bàbá àgbà fi ẹja tó tóbi jù sínú àwo rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò fọwọ́ kan sípánà ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

"Bàbá," ni Kosuke tún wí, "èmi ni màá lọ ṣọ́ omi lọ́la. Kí Wakana jókòó sílé, kó kàwé ẹ̀."

Ó ti ọkàn rẹ̀ wá ni. Ó jọ pé ẹ̀rí ọkàn ti ń dà á láàmú láti àárọ̀, tó fẹ́ san án padà. Ṣùgbọ́n Wakana kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí ni ẹ̀gbọ́n tó tún fẹ́ gba ìyìn mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀: má gùn ún o, nọ́ọ̀tì ẹ̀ ti bàjẹ́. Ó gbé e mì. Jẹ́ kó gùn ún lọ, ló ń rò lọ́kàn. Bó bá yọ lójú ọ̀nà, kó fẹsẹ̀ rìn wálé nínú oòrùn. Kí gbogbo abúlé rí ọmọ wa bó ṣe ń ti alùpùpù bọ̀.

"Ó dáa, Bọ̀dá," ló wí. "O ṣeun."

Omi kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo oko ìrẹsì abúlé Kamidaki. Orí òkè ni wọ́n ti gbà á láti inú odò sínú kòtò, ó sì ń ṣàn láti oko kan bọ́ sí èkejì títí dé ìsàlẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tí yóò gòkè lọ sí ẹnu omi, tí yóò kó ewé àti ẹ̀ka igi tó dí i kúrò. Ilé tó bá pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ kò ní lè gbójú sókè láwùjọ mọ́. Ìgbà náà sì ni ìrẹsì ń yọ ṣírí, ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ jù lọ. Níbi ẹnu omi yẹn, gbogbo ilẹ̀ ló dagẹ̀rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló tẹ́jú tí alùpùpù lè dúró sí: orí pẹpẹ tí wọ́n tẹ́ sórí kòtò. Ibẹ̀ ni Wakana máa ń gbé e sí nígbà gbogbo. Ó mọ̀ ọ́n dunjú. Ìbínú ni kò jẹ́ kó rántí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ariwo ló jí gbogbo abúlé.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn omi! Ẹ ti ilẹ̀kùn omi o!"

Kosuke ló ń sáré bọ̀ láti orí òkè. Bàtà rẹ̀ kan ti sọnù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. "Ọ́ìlì ti dà sómi! Ẹ ti ilẹ̀kùn omi!"

Àwọn èèyàn jáde tàwọn taṣọ oorun, oníkálukú sáré lọ sí ẹnu oko rẹ̀, wọ́n ń ti pátákó sí ojú omi. Wakana náà sáré. Ó rí i kí wọ́n tó sọ fún un: omi kòtò ń bọ̀ tòun ti àwọ̀ oríṣiríṣi lójú, ó ń dán, ó ń yí, ó rẹwà lọ́nà tó ń kóni nírìíra. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rí tiwọn tì. Ṣùgbọ́n oko Ìyá Kuramochi ló kọ́kọ́ ń gba omi láti òkè. Kí ìyá arúgbó náà tó dé ibẹ̀, ọ́ìlì ti wọlé, ó ti tàn kálẹ̀ sídìí ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ṣírí.

Kosuke kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní òun gbé alùpùpù sórí pẹpẹ, òun ń kó ewé lọ́wọ́, nígbà tí òun máa wẹ̀yìn, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ti yọ, ọ́ìlì sì ti ń dà sínú omi ṣọ̀ọ̀.

"Ta ló pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀?" Ìyá Kuramochi béèrè. Òun ni olórí omi abúlé, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

Kosuke wo Wakana. Ìwò náà kò pẹ́ rárá.

"Èmi ni, Ìyá," ló wí.

Bàbá àgbà Genpachi ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Orúnkún tó ń dùn ún náà ló fi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú Ìyá Kuramochi, ó forí kanlẹ̀. Wakana kò rí irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn sáàárín èrò. Ẹ̀rù bà á, inú sì tún ń bí i. Ta ló ní kí Kosuke gbà á? Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Títí ilẹ̀ fi ṣú, omi kò wọ oko kankan. Oòrùn ń ta, ilẹ̀ oko bẹ̀rẹ̀ sí í la, wọ́n sì ń fi aṣọ àti ìdì òwú fa ọ́ìlì lójú kòtò. Nírọ̀lẹ́, wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn abúlé. Kosuke kúnlẹ̀ láàárín, ó fi iwájú orí kan ẹní.

"Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ dè é?" ni Ìyá Kuramochi bi í.

"Èmi ni, Ìyá."

"Fóònù ló mọ̀ ọ́n tẹ̀!" ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ẹ gbé iṣẹ́ fún ará ìlú ńlá, ẹ ń retí kí ni?"

"Ó wá gbádùn ni, ó gbádùn tán, ó da májèlé sí wa lómi!"

"Èmi ò lè fọkàn tán ilé Iwabuchi mọ́. Kí wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìṣọ́ omi. Àwa á máa bá wọn ṣọ́ tiwọn."

A kì í yọ ilé kan kúrò nínú ìṣọ́ omi ní Kamidaki. Bí wọ́n bá yọ ẹ́, omi ṣì máa wọ oko rẹ, ṣùgbọ́n àánú lásán lo ó fi máa mu ún. Wakana wo Bàbá àgbà. Bàbá náà tẹjú mọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ṣọ́ omi yẹn.

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

Wakana kò mọ ìgbà tó dìde. "Ẹ má bú u mọ́! Èmi ni! Kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn, èmi ni mo fún nọ́ọ̀tì yẹn pa. Inú ló ń bí mi. Eyín ẹ̀ jẹ, mo fi téèpù wé e, mo ki í bọ̀ ọ́, mi ò sọ fún ẹnì kankan!" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omijé àti ìbínú papọ̀ lójú rẹ̀. "Ìwọ náà! Ta ló ní kó o máa gbà á fún mi? Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ ni?"

Kosuke gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀.

"O mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?"

Wakana gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Mo rò pé ó ṣèèṣì yọ ni. Iṣẹ́ mi ni, èmi ni mo gbé e fún ẹ, ìdí tí mo ṣe gbà á nìyẹn. Wakana, o mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, o sì jókòó tì mí, ò ń jẹun, o ní 'O ṣeun, Bọ̀dá'?" Kosuke kò pariwo. Ì bá sàn fún Wakana kó pariwo. "Ọ̀nà òkè yẹn, tó bá jẹ́ pé ibi tó ti dagẹ̀rẹ̀ ni ọ́ìlì ti dà sí táyà ńkọ́?"

Kò tiẹ̀ wá sí Wakana lọ́kàn rí.

Bàbá àgbà ló wá sọ̀rọ̀, ìbínú inú ohùn rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àárọ̀ àná lọ. "Nọ́ọ̀tì tó jẹ. Ṣé èmi ò ba nọ́ọ̀tì jẹ́ rí ni? Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ti ba ju ẹyọ kan lọ jẹ́. A máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe ni, ó sì tán. Ká ní o sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ẹsẹ̀ là bá fi gòkè lọ lónìí. Ǹ bá pariwo, ǹ bá sì ṣíwọ́. Ẹnu tó o pa mọ́ yẹn ló da ọ́ìlì sómi. Má sọ fún mi pé nọ́ọ̀tì ni."

Ìyá Kuramochi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kó tó dá ẹjọ́. Ó ní ilé Iwabuchi kò ní kúrò nínú ìṣọ́ omi, ṣùgbọ́n títí ìkórè, Wakana ni yóò máa fẹsẹ̀ gòkè lọ ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tiwọn àti ọjọ́ ẹlòmíràn. Ó ní Kosuke pa irọ́ nínú ìpàdé omi, ó sì gbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, òun ni yóò fọ kòtò láti òkè délẹ̀ kó tó padà sílùú ńlá. Kò sí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún wọn.

"Ní ti oko mi," ló wí, "ìrẹsì tó mu ọ́ìlì, ẹnikẹ́ni ò lè jẹ ẹ́. Ẹni tó bà á jẹ́ ni kó wá gé e."

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó sọ̀kalẹ̀ láti òkè, Wakana wọ inú oko Ìyá Kuramochi pẹ̀lú dòjé lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ ń rùn fún ọ́ìlì. Nínú kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, Kosuke ń fọ ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí i, kò kí i. Ṣírí ìrẹsì ṣì tutù lórí ìdì rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é lójú. Ìyẹn gan-an ló burú. Ká ní ó ti rà ni, ìbá rọrùn láti gé.

Ìyá Kuramochi dúró létí oko, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó já ṣírí kan, ó nà án sí i.

"Tẹ ọmọ ẹ̀ kan wò."

Wakana tẹ̀ ẹ́. Omi funfun bíi wàrà tú jáde sí àtàǹpàkò rẹ̀.

"Oúnjẹ nìyẹn," ni ìyá náà wí. "Ó kù díẹ̀ kó gbó. Máa gé e lọ."

Wakana bẹ̀rẹ̀, ó ń gé e lọ, ó ń sunkún, inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n kò rí ẹlòmíràn tó máa bínú sí mọ́ àyàfi ara rẹ̀. Kosuke jẹ̀bi, òótọ́ ni. Ilé wọn rẹ́ ẹ jẹ, òótọ́ tún ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó bínú. Ṣùgbọ́n kò sọ ìbínú náà fún àwọn tó ni ín; inú irin ló fún un sí, ó fi téèpù wé e, ó sì jẹ́ kó ṣàn lọ bá arúgbó tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ba nǹkan jẹ́ nínú ìbínú, kó yára la ẹnu nígbà tó ṣì jẹ́ pé òun nìkan ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ó di ìdì mìíràn mú. Ó gé e.